Ilé Tí Wọn Kì Í Tà ní Ọjà'ba

Láti Bẹẹrẹ títí dé Ọjà'ba, ọ̀rọ̀ kan náà ni ògiri ilé ń sọ fún ẹni tó bá ń kọjá lọ. Àwọn kan fi ọ̀dà pupa kọ ọ́, àwọn kan fi èédú, àwọn mìíràn fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù lára èyí tí wọ́n fi kun ilẹ̀kùn: ilé yìí kì í ṣe títà. Gẹ̀ẹ́sì ni ti ọ̀pọ̀, Yorùbá ni ti díẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìsọ̀ alágbo kan, onílé fi èdè méjèèjì kọ ọ́, ó sì fa ìlà gbọọrọ sábẹ́ rẹ̀ kí ojú má baà fò ó. Ẹ̀gbọ́n mi tí mo sìn wá dúró níwájú rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà, ó wá bojú wo ọmọkùnrin ajẹ́ǹtì tó ń mú wa kiri.

"Ọmọ mi, èwo wá ni wọ́n ń tà nínú gbogbo ìwọ̀nyí?"

Ọmọkùnrin náà ní kí Bàbá fọkàn balẹ̀, pé ilé tí òun ń mú wa lọ, àwọn tó ni ín ti ṣe tán.

Ilé la wá wò ní Ìbàdàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, rẹ́ǹtì ló sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀ san l'Ékòó. Nígbà tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ jáde, ó rí i pé kò lè ra ilẹ̀ ní Agége, ká má tíì sọ pé yóò kọ́lé sórí rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ ní kó lọ sí Akóbọ̀, kó lọ sí Mọ́níyà, kó lọ sí Ológunẹrú, níbi tí ilẹ̀ ṣì wà. Ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ibi tí èèyàn ti máa wọ ọkọ̀ kó tó ra iyọ̀, tí ògiri gíga yí kálukú ká, tí aládùúgbò kò mọ orúkọ ara wọn. Àárín ìlú ló ń fẹ́, níbi tí àwọn èèyàn ti ń gbé láti ìgbà ogun. Èmi náà fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣeé ṣe. Ó ti pẹ́ tó ti ń dùn mí bí wọ́n ṣe máa ń dárúkọ Ìbàdàn àtijọ́ mọ́ ìdọ̀tí àti páànù tó dípẹtà, bí ẹni pé kò sẹ́ni tó ń fi ìfẹ́ gbé ibẹ̀.

Rélùwéè la wọ̀ wá. Ẹ̀búté Mẹ́tà la ti wọ̀ ọ́, ní ibùdókọ̀ tí wọ́n fi orúkọ Mobọ́lájí Johnson pè, a sì sọ̀ ní Mọ́níyà, ní èyí tó ń jẹ́ orúkọ Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀. Ojú irin náà gùn tó kìlómítà 157. Oṣù kẹfà ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i. Ó mọ́, ó tutù, kò sí wàhálà márosẹ̀ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n Mọ́níyà jìnnà sí Ọjà'ba. A tún ní láti wọ Micra, kó gbé wa gba Òjóò, kó gba Mọ́kọ́lá, ká tó dé Dùgbẹ̀. Inú Micra yẹn ni mo wà tó sọ sí mi lọ́kàn pé rélùwéè àkọ́kọ́ tó dé Ìbàdàn ní 1901 náà kò dé Ọjà'ba. Apá ìwọ̀ oòrùn ló dúró sí, àwọn òyìnbó oníṣòwò sì kọ́ ilé ìtajà wọn sí Gbági àti Dùgbẹ̀, báńkì tẹ̀lé wọn. Ìlú tí wọ́n bá lórí òkè, wọ́n fi í sílẹ̀ fún àwọn tó ni ín. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí ilé àwọn jagunjagun tó dá ìlú náà sílẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ ọmọ wọn di òní. Òun náà ló wà lára ohun tó fà á tí ọ̀nà mọ́tò, omi ẹ̀rọ àti gọ́tà fi pẹ́ kó tó dé ọ̀dọ̀ wọn.

A kọjá lórí odò Ògùnpa. Wọ́n ti fi kọnkéré dì í lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì, kò sì jọ ohun tó lè pa èèyàn. Ṣùgbọ́n kò sí àgbà Ìbàdàn tí kò ní sọ fún ọ nípa ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, nígbà tí odò yìí kún àkúnya, tó gbé ilé, ọkọ̀ àti èèyàn lọ. Lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè: Agbẹ̀ní, Bẹẹrẹ, Màpó. Awakọ̀ wa yí jíà sílẹ̀, ó ní, "Àwọn baba wa mọ ibi tí wọ́n jókòó sí."

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó fẹ́ rà, kó kọ́kọ́ gun Màpó. Gbọ̀ngàn ńlá tó wà níbẹ̀, àárín 1925 sí 1929 ni ìjọba amúnisìn kọ́ ọ. Ẹnjiníà Robert Jones tí wọ́n ń pè ní Taffy ló ya àwòrán rẹ̀. Orí àtẹ̀gùn rẹ̀ la dúró sí. Páànù ni gbogbo ohun tí ojú ń rí, òrùlé ń gun orí òrùlé títí dé Òkè-Ààrẹ, níbi tí ilé ìṣọ́ Bower tí wọ́n kọ́ ní 1936 dúró sí. Béèyàn bá wò ó fìrí, yóò rò pé ńṣe ni wọ́n kàn da ilé sílẹ̀ bí ọwọ́ bá ṣe bà á. Kó tún un wò. Yóò rí i pé àwọn òrùlé náà kóra jọ ní agbo-agbo, agbo kọ̀ọ̀kan yí àgbàlá kan ká, àgbàlá kọ̀ọ̀kan sì ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Agboolé ni wọ́n. Orúkọ jagunjagun ni ọ̀pọ̀ wọn ń jẹ́.

Ogun ló bí ìlú yìí. Ní nǹkan bí ọdún 1829, lẹ́yìn tí Òwu ti tú, àwọn ọmọ ogun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀ àti Ìjẹ̀bú fi ibẹ̀ ṣe bùdó. Wọn kò bá ààfin níbẹ̀, wọn kò sì kọ́ ọ̀kan. Olórí ogun kọ̀ọ̀kan gba ilẹ̀ tó lè gba òun, ìyàwó, ọmọ, ẹrú àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀, gbogbo wọn sì ń gbé yí i ká. Nígbà tó yá, Olúyọ̀lé di Baṣọ̀run, orúkọ oyè rẹ̀ ni wọ́n sì fi pe ọjà: Ọjà Ìba, tí gbogbo ayé ń pè ní Ọjà'ba. Ọdún 1847 ni Olúyọ̀lé kú. Ọjà náà kò kú. Lọ́sàn-án ọjọ́ tí a débẹ̀, àwọn obìnrin ń wọn èlùbọ́ sínú àpò, ìyẹ̀fun rẹ̀ sì ti bo ìpéǹpéjú wọn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn lẹ́kùlẹ́jà pàtẹ egbò, èèpo igi àti orí ẹranko gbígbẹ, wọ́n ń bá oníbàárà wọn sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí dókítà.

Ohun tí mo rí kọ́ nínú ìrìnàjò yìí, tí ajẹ́ǹtì kankan kò sọ fún wa, ni pé ilé ní Ìbàdàn àtijọ́ ju ibi tí èèyàn ń sùn lọ. Ẹni tí yóò jẹ Olúbàdàn kì í jẹ ẹ́ nítorí pé bàbá rẹ̀ jọba. Agboolé ni yóò kọ́kọ́ fi í ṣe Mọ́gàjí, ìyẹn olórí agboolé. Láti ibẹ̀ ni yóò ti bọ́ sórí àkàbà oyè, yálà ti Ọ̀tún tàbí ti Balógun, yóò sì máa gòkè ní ìpele kọ̀ọ̀kan bí ààyè bá ṣe ń ṣí sílẹ̀ níwájú rẹ̀. Ìpele náà lé ní ogún. Ọ̀pọ̀ ló ń di arúgbó lórí rẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025 tí wọ́n gbé Ọba Rashidi Ládọjà gorí ìtẹ́ ní Màpó yìí, ẹni tó ti ṣe gómìnà ìpínlẹ̀ rí, ó ti pé ẹni ọdún 81. Títí di àìpẹ́ yìí, ibi tí Olúbàdàn kọ̀ọ̀kan bá ń gbé tẹ́lẹ̀, ibẹ̀ náà ni àṣà sọ di ààfin: Ọba Saliu Adétúnjí wà ní Pópó-Yemọja.

Ẹ wá rò ó wò. Bí agboolé kan bá tú, tí wọ́n ta ilẹ̀ rẹ̀ fún oníṣòwò èlùbọ́ tàbí ilé epo, níbo ni àwọn ọmọ yóò ti kó ara jọ láti fi ẹnì kan ṣe Mọ́gàjí? Ta ni yóò bá wọn ka orúkọ wọn nígbà tí ìlú bá ń ka orúkọ? Ẹni tó ta ilé náà gba owó, àmọ́ ó ti gbé àkàbà kúrò lábẹ́ ẹsẹ̀ ọmọ tí wọn kò tíì bí. Nígbà tí mo ti mọ èyí, n kò rí ọ̀rọ̀ ara ògiri yẹn mọ́ bí ìkìlọ̀ fún gbájúẹ̀ nìkan. Òótọ́ ni pé gbájúẹ̀ wà, ó sì pọ̀. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ilé pàápàá ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí.

Bẹyẹrúnká ni ajẹ́ǹtì mú wa lọ. Mọ́tò kò lè dé ẹnu ọ̀nà. A gba ààrin ilé, a rọra yẹ̀ fún ìyá kan tó ń yí fùfú, a fo gọ́tà méjì, a sì kí gbogbo ẹni tó jókòó síta, nítorí pé ẹni tí kò bá kí wọn níbẹ̀, wọn yóò mọ̀ pé ó ní ohun tó ń bò. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni ilé náà, irú àrà tí àwọn Àgùdà mú wọ Èkó, tí àwọn olówó kòkó sì gbé dé Ìbàdàn: òpó róbótó méjì níwájú, fèrèsé onígi, òdòdó tí wọ́n fi sùmẹ́ńtì yà sí orí ẹnu ọ̀nà. Amọ̀ ni ògiri rẹ̀. Níbi tí sùmẹ́ńtì ti ṣí kúrò, a rí ìpele amọ̀ náà kedere, ọ̀kan lé orí èkejì, ìkọ̀ọ̀kan ga tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ojú ibi tí ìka ọwọ́ àwọn tó mọ ọ́n ti tẹ̀ ẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ha á. Kò yẹ̀. Ó nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí inú ilé fi tutù minimini lọ́sàn-án gangan, láìsí fáànù.

N kò ní parọ́ nípa ìyókù. Yàrá méjì lókè kò ní òrùlé mọ́. Òjò ti fọ ìsàlẹ̀ ògiri apá ẹ̀yìn títí ó fi ṣe bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ arúgbó, kànga ni wọ́n ń fà, ṣálángá kan ṣoṣo ni gbogbo ilé sì ń lò. Ẹ̀gbọ́n mi rí gbogbo ìyẹn, ó ń fi ìka kà á, mo sì rí i lójú rẹ̀ pé ilé náà ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn.

Ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ilẹ̀ ga díẹ̀, wọ́n sì fi táìlì funfun tẹ́ ẹ. Ọmọdébìnrin kan jókòó lé e, ó gbé ìwé lé itan, ó ń ṣe ìṣirò. Ó dìde kúnlẹ̀ kí wa. Ìgbà yẹn ni mo rí orúkọ àti ọdún tí wọ́n kọ sára táìlì náà. Sàréè bàbá tó kọ́ ilé ni.

Ẹ̀gbọ́n mi ṣí fìlà. Ó bi ajẹ́ǹtì pé, "Bí mo bá ra ilé, ṣé mo ra bàbá náà mọ́ ọn ni?" Ọmọkùnrin náà kò rí nǹkan sọ. Ìyá àgbà kan ti ẹ̀yìn ilé jáde sí wa. "Ẹ káàbọ̀ o. Ta lẹ wá kí?" Ajẹ́ǹtì ní a wá wo ilé. "Ẹ wò ó kí ẹ ṣe kí ni?" Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti tú síta. Ọmọ-ọmọ kan tí kò gbé ibẹ̀ ló fẹ́ ta ilé, kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá kò pariwo mọ́ wa. Ó ní kí wọ́n fún wa lómi, ó ní àlejò kò jẹ̀bi, kí a padà wá lọ́la lẹ́yìn ìrun Àsárì, òun yóò ránṣẹ́ sí olórí ẹbí.

Lálẹ́, a pe lọ́yà kan tí mo mọ̀ l'Ékòó. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ABD, ó sì yẹ kí gbogbo ẹni tó fẹ́ ra ilé nírú àdúgbò bẹ́ẹ̀ gbọ́ ọ. Bí ọmọ ẹbí kan lásán bá ta dúkìá ẹbí láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tà á rárá. Ìwé tó fún ọ, ìwé ìdì-ẹ̀pà ni. Bí olórí ẹbí bá dá a tà láìsí ìfọwọ́sí àwọn àgbà ìdílé, àwọn yẹn lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì gbà á padà. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ìgbà náà ti sọ èyí láti 1959, nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Òfin ilẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 sì tún fi ti gómìnà kún un: láìsí àṣẹ rẹ̀, títà náà kò tíì parí. Ẹni tó bá wá sọ fún ọ pé kó o yára sanwó kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ ọ lọ́wọ́, sá fún un.

Ìpàdé ọjọ́ kejì ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìrìnàjò yẹn. Pálọ̀ ìsàlẹ̀ ni, fọ́tò àwọn òkú ilé yí wa ká lórí ògiri. Olórí ẹbí wà níbẹ̀, àwọn ọkùnrin mélòó kan, àti àwọn obìnrin tí wọ́n jẹ́ ọmọ ilé, kì í ṣe ìyàwó ilé. Ìyá àná ni ó dàgbà jù nínú wọn. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá tó kọ́ ilé fi sílẹ̀, ìdí-igi ni wọ́n sì fi pín in: ìdí kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀, yálà ọmọ ibẹ̀ jẹ́ méjì tàbí méje. Àṣà yìí náà ni ilé-ẹjọ́ Lọ́ńdọ̀nù gbè lẹ́yìn ní 1962 nínú ẹjọ́ ìdílé Dáwódù l'Ékòó. Ọmọ ìdí kan ti kọjá sí òkè òkun, ti èkejì wà l'Ékòó, ti ẹ̀kẹta ló ń gbé ilé. Kálukú ń tún yàrá tirẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n òrùlé kì í ṣe ti ìdí-igi kankan, òun ló sì kọ́kọ́ jò.

Ibí ni mo ti fẹ́ bá àwọn ọmọ Ìbàdàn sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Wọ́n ṣe dáadáa tí wọn kò ta ilé. Àmọ́ ilé tí wọn kò tà, tí wọn kò sì tún ṣe, òjò ni ó ń bá wọn tà á, ògiri kan lọ́dún yìí, ògiri kan lẹ́ẹ̀mìíràn, láìgba kọ́bọ̀. Mo rí i káàkiri Ọjà'ba: ibi tí agboolé ti di òkìtì amọ̀, tí gbágùúdá ti hù lórí rẹ̀, ọ̀rọ̀ "kì í ṣe títà" sì ṣì wà lára ògiri kan ṣoṣo tó kù. Ìmọ̀ kọ́ ló wọ́n wa. Akin Mabógùńjẹ́, Bọ́láńlé Awẹ́ àti P. C. Lloyd ti gbé odindi ìwé jáde lórí ìlú Ìbàdàn láti 1967. Ohun tó wọ́n ni kí àwọn ọmọ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Lẹ́kí dá owó páànù jọ bí wọ́n ṣe ń dá owó aṣọ ẹbí jọ.

Olórí ẹbí bi ẹ̀gbọ́n mi pé ọmọ ibo ni. Ó ní Ìjẹ̀bú-Igbó. "Ó dáa. Ìjẹ̀bú wà nínú àwọn tó dá bùdó yìí, ẹ ṣáà mọ Ìsàlẹ̀-Ìjẹ̀bú. A ò pè yín ní àjèjì. Ṣùgbọ́n a ò lè ta bàbá wa." Ẹ̀gbọ́n mi dọ̀bálẹ̀, ó ní ó yé òun, òun á máa lọ. Ìyá náà ló dá a dúró. Ó ní kí ó jókòó. Ó bi àwọn ọkùnrin léèrè pé láti ọdún wo ni wọ́n ti ń sọ pé àwọn yóò kan òrùlé. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó ní bí ọkùnrin yìí bá ní owó tí yóò fi ra ilé, a jẹ́ pé ó ní owó tí yóò fi tún un ṣe. Kí ó tún un ṣe, kí ó sì máa gbé òkè.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fà á. Irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò ṣàjèjì sí wọn. Bí wọ́n ṣe kọ́ púpọ̀ nínú àwọn ṣọ́ọ̀bù tó kọjú sí títì nìyẹn, kí ẹni tó fi owó kọ́ ọ lò ó títí owó rẹ̀ yóò fi pé, kí ó sì dá a padà fún ẹbí. Èmi gbà pé ó sàn ju rírà lọ fún irú ẹni tí ẹ̀gbọ́n mi jẹ́. Ó ń fẹ́ aládùúgbò, ó sì ti rí odindi agboolé. Kò ní láti ra ìjà tí ọmọ rẹ̀ yóò jogún. Owó tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ yóò bá a gbé ọjọ́ ogbó. Kí òkùnkùn tó ṣú, wọ́n ti fẹnu kò: òrùlé tuntun, ògiri ẹ̀yìn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan fún òkè àti ọ̀kan fún ìsàlẹ̀, wọn yóò ka gbogbo owó rẹ̀ sí rẹ́ǹtì fún ọdún tí wọ́n jọ gbà, olórí ẹbí yóò fọwọ́ sí i, ẹnì kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan yóò fọwọ́ sí i, ti òkè òkun yóò sì fi fídíò sọ pé òun mọ̀ sí i. Káfíńtà ti wá wọn òkè ilé láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nítorí pé òjò àkọ́rọ̀ kò ní pẹ́ dé.

Ohun kan ṣoṣo ni ìyá náà tún ní kí wọ́n fi kún ìwé. Ó ní kí ẹ̀gbọ́n mi má bínú, Ọlọ́run yóò fún un ní ẹ̀mí gígùn nínú ilé àwọn. Ṣùgbọ́n bí ọlọ́jọ́ bá dé, Ìjẹ̀bú-Igbó ni àwọn ọmọ rẹ̀ yóò gbé e lọ, wọn kò ní gbẹ́ ilẹ̀ sí ibì kankan nínú agboolé yìí, nítorí pé ẹni tí bàbá rẹ̀ bá sùn níbẹ̀ ló lè sọ pé òun ni ín. Ẹ̀gbọ́n mi ní òótọ́ ni, òun náà ní ilé bàbá. Lọ́yà kọ ọ́ sí i, ẹ̀gbọ́n mi sì fọwọ́ sí i.